Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti Ìbáṣepọ̀ Àwọn Amòfin Olùwádìí ní Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn: Bí Ó Ṣe Kan Òṣìṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége

Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ ilé-ẹjọ́, adájọ́ àti agbẹjọ́rò ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n àwọn amòfin kan wà tí ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀ gbà síṣẹ́ láti máa ran adájọ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n máa kẹ́kọ̀ọ́ sí i, kí wọ́n sì máa bá ara wọn ṣe pọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó wà ní Ìkẹjà, Ògbà àti Agége ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Iṣẹ́ Amòfin Olùwádìí

Ó kéré tán, adájọ́ mẹ́ta ní ń gbọ́ ẹjọ́ ní Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 fún wọn ní 90 ọjọ́ láti dájọ́ lẹ́yìn tí àwọn agbẹjọ́rò bá ti rojọ́ tán. Amòfin olùwádìí ní ń ka ìwé ẹjọ́, tí ó ń wá ìdájọ́ àtijọ́ tí ó bá a mu, tí ó sì ń ṣe àkọsílẹ̀ fún adájọ́.

Ìdí tí Ẹ̀kọ́ Kò Fi Gbọdọ̀ Dúró

Ẹ jẹ́ kí a wo òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé kúrò ní ilé-iṣẹ́ kan ní òpópónà Ọba Akran, ní Ìkẹjà. National Industrial Court, ilé-ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ni yóò kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ààrẹ buwọ́ lu Àtúnṣe Kẹta sí Òfin 1999 ní ọdún 2011, ẹnu àwọn adájọ́ kò kò lórí bóyá ènìyàn lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láti ibẹ̀, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ yanjú rẹ̀ nínú ẹjọ́ kan tí ó kan Skye Bank: ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda. Amòfin tí kò gbọ́ nípa ìdájọ́ yìí lè ṣi adájọ́ lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ owó àti iṣẹ́ irú èyí kì í tún kọjá Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ibẹ̀ ni òfin ní kí ó parí sí. Bí àṣìṣe bá wáyé níbẹ̀, kò sí ibòmíràn tí òṣìṣẹ́ náà lè gbé e lọ.

Ọ̀nà Ẹ̀kọ́ àti Ìbáṣepọ̀

National Judicial Institute tí ó wà ní Àbújá ni òfin 1991 gbé iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn adájọ́ àti òṣìṣẹ́ tí ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lé lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn amòfin irú èyí ní ẹgbẹ́ tiwọn, Council of Appellate Staff Attorneys, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ara wọn ní ọ̀nà ìwádìí àti bí a ṣe ń kọ ìwé tí ó yè kooro. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àmọ́ ìbáṣepọ̀ ní ààlà: a lè jíròrò òfin, a kò gbọdọ̀ jíròrò ẹjọ́ tí ó ṣì wà níwájú adájọ́.

Ìgúnlẹ̀

A ti fi hàn pé ẹ̀kọ́ àwọn amòfin wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ nìkan. Ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ tí kò ní fojú kàn wọ́n láéláé wà lọ́wọ́ wọn. Ó yẹ kí ìjọba àti àwọn alákòóso ilé-ẹjọ́ ya àkókò àti owó sọ́tọ̀ fún un.