Apẹja Tí Í Dá Ẹja Rẹ̀ Padà Sínú Omi

Bí a bá sọ fún ẹni tí ó ń fi àwọ̀n àti ìgèrè jẹun pé ọkùnrin kan wà tí í fi ìwọ̀ pẹja láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìrí ẹyọ kan mú, tí ó sì jẹ́ pé ní ọjọ́ tí ó bá rí i mú, yóò wọn gígùn rẹ̀, yóò wò ó ní àwòyanu, yóò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ sínú omi, olúwarẹ̀ yóò béèrè bóyá orí ọkùnrin náà pé. Orí rẹ̀ pé. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí ó ti ń pẹja láti ìgbà èwe wọn. A fẹ́ sọ ìtàn wọn fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ohun tí ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè pè ní eré lásán ní ẹ̀kọ́ nínú fún gbogbo ilé tí ó ń jẹ nínú ohun tí kì í tètè dàgbà.

ÀWỌN ADÁGÚN TÍ Ó SO MỌ́RA

Ìpínlẹ̀ Wisconsin wà ní apá àríwá Amẹ́ríkà. Ní òkè pátápátá ìpínlẹ̀ náà, ilẹ̀ kún fún igbó àti adágún omi. Àwọn onímọ̀ sọ pé òkìtì yìnyín ńláńlá ni ó bo ibẹ̀ láyé àtijọ́, tí ó sì gbẹ́ ilẹ̀ ní kòtò kòtò. Nígbà tí yìnyín náà yọ́, ní ohun tí ó ju ọdún 10,000 lọ sẹ́yìn, omi dúró sínú àwọn kòtò wọ̀nyí. Lẹ́bàá ìlú kékeré méjì tí à ń pè ní Eagle River àti Three Lakes, adágún 28 ni ó so mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sára okùn. Apẹja lè wa ọkọ̀ rẹ̀ láti inú ọ̀kan bọ́ sí inú èkejì. Ní ibi tí à ń pè ní Burnt Rollways, odi tí a fi sé omi ni ó dí ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tí í gbé ọkọ̀ kọjá láti ìhà kan odi náà sí ìhà kejì. Gbogbo omi wọ̀nyí ni ó ń ṣàn lọ sínú odò Wisconsin.

Orúkọ àwọn adágún náà dùn ún gbọ́. Ọ̀kan ń jẹ́ Catfish, èyí tí í ṣe àrọ̀ ní èdè wa. Òmíràn ń jẹ́ Duck, èyí ni pẹ́pẹ́yẹ. Òmíràn sì ń jẹ́ Scattering Rice, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ fífọ́n ìrẹsì ká. Ìrẹsì tí ó ń hù fúnra rẹ̀ nínú omi ni wọ́n ń wí, tí àwọn ará Ojibwe, ìyẹn àwọn tí ó ti wà ní ilẹ̀ náà kí àwọn òyìnbó tó dé, máa ń wọ ọkọ̀ kékeré lọ kó. Nígbà òtútù, ojú adágún wọ̀nyí a dì gbagidi tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀. Ní ìgbà ìrúwé ni yìnyín ń yọ́, tí gbogbo ohun alààyè inú omi a sì tún máa rìn.

ẸJA NÁÀ

Ẹja tí ó sọ àdúgbò yìí di olókìkí ni muskellunge, tí àwọn apẹja gé kúrú sí mọ́skì. Láti inú èdè Ojibwe ni orúkọ náà ti wá. Ara rẹ̀ gùn, ó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Eyín rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lọ́nà ìrù lọ́hùn-ún, èyí tí ó fún un ní agbára láti ta jáde bí ọfà. Kì í sáré lé ohun tí yóò jẹ títí. A máa ba ní bùba lẹ́bàá koríko inú omi, yóò dúró jẹ́ẹ́ bí igi tí ó rì, ìgbà tí ẹja mìíràn bá sì kọjá ni yóò gbé e mì. Ó ń jẹ àkèré, ó ń jẹ eku omi, kò sì ṣàì jẹ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ bí ó bá rí i. Ní ọdún 1955 ni ìpínlẹ̀ Wisconsin fi í ṣe ẹja àmì ìpínlẹ̀.

Abo rẹ̀ ni ó máa ń tóbi ju akọ lọ. Ìgbà ìrúwé ni ó ń yé ẹyin, ní ibi tí omi kò jìn, ẹyin náà a sì máa pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í dúró ti ẹyin rẹ̀, kì í kọ́ ilé fún un, kì í sì í tọ́ ọmọ. Ẹja kan tún wà tí í ṣe ìbátan rẹ̀, northern pike ni orúkọ rẹ̀, tí ó máa ń ṣáájú rẹ̀ yé; nígbà tí ọmọ mọ́skì bá fi yọjú, ọmọ ìbátan rẹ̀ yìí ti dàgbà tó láti pa á jẹ. Díẹ̀ kín-ún nínú ẹyin náà ni ó ń di ẹja ńlá. Èyí tí ó bá sì dàgbà, ó ń pẹ́ kí ó tó tóbi. Mọ́skì tí gígùn rẹ̀ tó íǹṣì 50 ti sábà ju ọmọ ọdún 10 lọ dáadáa, àwọn mìíràn sì ti gbé tó ọdún 30 nínú omi. Nínú adágún tí ó dára pàápàá, ẹja àgbà kan lè nìkan ni ilẹ̀ omi tí ó tó éékà méjì tàbí mẹ́ta. Èyí ni àwọn apẹja fi ń pè é ní ẹja tí a fi ìwọ̀ jù ní ẹgbàárùn-ún ìgbà kí a tó rí ẹyọ kan mú.

BÍ WỌ́N ṢE Ń PẸ Ẹ́

Ìdẹ tí wọ́n ń lò tóbi. Igi ni a fi ṣe òmíràn, irun ìrù àgbọ̀nrín àti irin tí ń yí bírí ni a fi ṣe òmíràn, òmíràn sì gùn ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Wáyà ni a so mọ́ iwájú okùn ìwọ̀, nítorí pé eyín ẹja náà yóò gé okùn lásán bí ọ̀bẹ. Apẹja yóò ju ìdẹ rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá koríko tàbí ẹ̀bá àpáta, yóò fà á bọ̀, yóò tún jù ú. Ohun tí ó ń dán sùúrù ènìyàn wò jùlọ ni pé mọ́skì a máa tẹ̀lé ìdẹ náà títí dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kò sì ní jẹ ẹ́. Yóò kàn wò ó, yóò wo ẹni tí ó ni ín, yóò sì rì padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi í tètè yọ ìdẹ kúrò nínú omi. Wọn a ti orí ọ̀pá wọn bọ omi, wọn a sì fi ya àmì tí ó dàbí 8 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá ẹja tí ń bẹ lẹ́yìn yóò yí ọkàn padà. Nígbà mìíràn a sì yí i padà, omi a rú, ọ̀pá a tẹ̀, àyà a sì là. Onísùúrù, bí àwọn àgbà ti wí, ni í fún wàrà kìnnìún.

LÁTI PÍPA DÉ DÍDÁPADÀ

Láyé àtijọ́ kò sí ẹni tí í dá a padà. Àwọn kan tilẹ̀ a máa yìnbọn fún un lẹ́bàá ọkọ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ọdún 1949 ni òkìkí pípa yìí ga jù. Ní oṣù Keje ọdún náà, Cal Johnson mú ọ̀kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 67 àti ọ́ńsì 8 ní adágún Lac Courte Oreilles, lẹ́bàá ìlú Hayward. Kò tó oṣù mẹ́ta sí i, Louis Spray mú òmíràn ní Chippewa Flowage, tí kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n sì kọ pọ́n-ùn 69 àti ọ́ńsì 11 sílẹ̀ fún un. Àríyànjiyàn lórí èwo ni ó tóbi jù, àti lórí òtítọ́ ìwọ̀n wọn, kò tán títí di òní: ẹgbẹ́ kan gba ti Johnson, ilé àkójọ ìtàn apẹja tí ó wà ní Hayward gba ti Spray. Ilé àkójọ yìí kan náà ni ó kọ́ ère mọ́skì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 143, tí àwọn àlejò ń gun inú rẹ̀ lọ dúró sí ẹnu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí apẹja ti ń pọ̀ sí i, ẹja ńlá ń ṣọ̀wọ́n. Ìjọba ní ilé tí wọ́n ti ń pa ẹyin ẹja náà tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ rẹ̀, irú èyí tí ó wà ní Woodruff, wọ́n sì ń kó ọmọ ẹja dà sínú adágún. Síbẹ̀, ọmọ ẹja kò lè di àgbà lóru ọjọ́ kan. Ní ọdún 1966, Gil Hamm kó àwọn apẹja jọ ní ìpínlẹ̀ Minnesota, wọ́n dá ẹgbẹ́ Muskies, Inc. sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù pé kí a máa dá mọ́skì padà láàyè. Wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn ènìyàn létí, tí ó fi di àṣà. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ jùlọ omi Wisconsin, òfin kò gbà kí a mú mọ́skì tí kò tó íǹṣì 40 lọ sílé, ẹyọ kan ṣoṣo ni a sì yọ̀ǹda lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ apẹja kò tilẹ̀ mú èyí tí òfin fún wọn.

Dídápadà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọ̀n ńlá ni a fi ń gba ẹja náà dúró nínú omi, kí ó lè máa mí. Ẹ̀mú gígùn ni a fi ń yọ ìwọ̀, bí kò bá sì ṣeé yọ, a ó gé irin náà. Bí a bá fẹ́ ya àwòrán rẹ̀, a ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e ní ìbú, a kì í fi ẹnu so ó rọ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ó sì gbọ́dọ̀ lò lókè omi. Nígbà ooru gbígbóná, àwọn olóòótọ́ apẹja a fi í sílẹ̀ pátápátá, nítorí pé ẹja tí ó ti jà nínú omi gbígbóná lè kú lẹ́yìn tí a ti rí i tí ó lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ohun ìrántí lè fi ìwọ̀n gígùn àti ìbú rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníṣẹ́-ọnà, kí ó ṣe ère rẹ̀ fún un.

ÀWỌN ONÍLẸ̀ ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ní apá kejì tí kò yẹ kí a fò dá. Àwọn Ojibwe ti ń fi ọ̀kọ̀ àti ògùṣọ̀ pẹja lóru ní omi wọ̀nyí láti ìgbà pípẹ́. Orúkọ ìlú wọn, Lac du Flambeau, jẹ mọ́ iná ògùṣọ̀ náà. Nínú àdéhùn ọdún 1837 àti ti 1842, wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹ̀tọ́ ọdẹ àti ẹja sílẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ fi ẹ̀tọ́ náà dù wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ilé ẹjọ́ fi dá wọn láre ní ọdún 1983. Nígbà tí wọ́n padà sí omi, àwọn ènìyàn kan pé jọ sí etí adágún lóru, wọ́n bú wọn, wọ́n sì sọ wọ́n lókùúta. Ohun ìtìjú ni. Nítorí àwọn tí wọ́n ń pè ní apanirun yìí ń jẹ ẹja tí wọ́n mú, wọ́n ń ka iye rẹ̀, àwọn ará Lac du Flambeau sì ní ilé ìtọ́jú ọmọ ẹja tiwọn. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ń béèrè pé, èwo ni ti kí a máa fi oúnjẹ ṣeré, kí a fa ẹja jáde, kí a sì tún jù ú padà?

Ìbéèrè náà tọ́. A kò rò pé ẹni tí ó dá ẹja padà ni olódodo, kí ẹni tí ó jẹ ẹ́ sì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí a fi wọn àwọn méjèèjì: ṣé ó mọ iye ọdún tí ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi dàgbà, ṣé ó sì ṣẹ́ kù sínú omi lẹ́yìn rẹ̀? Ẹni tí ó bá ge igi ọlọ́dún gbọọrọ nínú oko bàbá rẹ̀ ní láti dáhùn ìbéèrè yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó ń fi àwọ̀n olójú kékeré kó ọmọ ẹja àti ìyá rẹ̀ pọ̀. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí a pa mọ́skì ńlá kan yóò ti parí ilé ìwé kí òmíràn tó tóbi tó o.