Ta Ló Ni Ín? Ìtumọ̀ Níní NFT

Ohùn ni ó ya ọ̀rọ̀-ìṣe 'ní' àti 'ni' sọ́tọ̀ nínú èdè Yorùbá. Ẹni tí ó sọ pé òun ní ìwé kan lọ́wọ́ lè jẹ́ ẹni tí ó yá a. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè pé ta ló ni ìwé náà, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀tọ́. Ààrin ọ̀rọ̀ méjì yìí gan-an ni ọjà tí a ń pè ní NFT wà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2006, Jack Dorsey, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Twitter (tí ó ti di X báyìí) sílẹ̀, kọ gbólóhùn kúkúrú kan tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ó ta NFT gbólóhùn náà fún oníṣòwò kan ní iye tí ó ju 2,900,000 dọ́là lọ. Kí ni olùrà gbà? Kì í ṣe gbólóhùn náà, nítorí ibi tí ó wà ni ó ṣì wà, tí tajá-tẹran sì ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Kò gba àṣẹ láti pa á rẹ́, kò sì lè dá ẹni tí ó kọ ọ́ lọ́wọ́ kọ́ bí ó bá fẹ́ pa á rẹ́. Ìwé-ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà tí Dorsey fọwọ́ sí ni ó gbà.

Inú blockchain ni irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ìwé ìṣirò ni, àmọ́ kò sí lọ́wọ́ akọ̀wé kan ṣoṣo. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, ẹnì kan kò sì lè dá yí i padà. NFT kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ìwé náà sì ń fi àpò tí ó wà hàn. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àṣírí àpò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó lè tà á. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, kò sí ọ́fíìsì tí a ó lọ fẹjọ́ sùn. Àwòrán fúnra rẹ̀ sábà máa ń wà níbòmíràn. Àdírẹ́sì rẹ̀ ni a kọ sínú NFT. Nígbà tí FTX wọ gbèsè ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àwọn tí ó ra NFT lọ́dọ̀ rẹ̀ rí i pé àdírẹ́sì ṣẹ́kù ṣùgbọ́n àwòrán ti wọmi.

Òfin pàápàá kò ran olùrà lọ́wọ́ tó bí ó ti rò. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1976 ya níní ohun-èlò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ẹ̀tọ́ náà kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín láìsí ìwé tí ó fọwọ́ sí. Ẹni tí ó ra àwo orin Àyìnlá Ọmọwúrà ni ó ni àwo. Kò lè tẹ òmíràn tà. Lóòótọ́, àwọn mìíràn, bí Bored Ape Yacht Club, ń fi àdéhùn yọ̀ǹda kí olùrà fi àwòrán ṣòwò. Àdéhùn ni ó fún un, kì í ṣe NFT.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, oníṣòwò yẹn gbé NFT Dorsey sí gbàǹjo, ó ń retí 48,000,000 dọ́là. Títí gbàǹjo fi parí, iye tí ó ga jù tí wọ́n dá kò tó 300 dọ́là. Kò sí olè tí ó jà á. NFT náà wà nínú àpò rẹ̀ digbí, òun nìkan ṣoṣo ni ó ni ín.