Ojú Ewé Okòwò: Alùpùpù Inú Gáréèjì

Ọ̀rọ̀ owó orí àti ilé rírà la máa ń sọ lójú ewé yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ alùpùpù ló kàn lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa ní Mitchellville ló ránṣẹ́ pè wá. Ọkọ wọn tó ti di olóògbé fi alùpùpù kan sílẹ̀ nínú gáréèjì, abẹ́ tapólì ló sì ti wà fún ọdún mẹ́sàn-án. Ẹnì kan wá wò ó, ó ní òun yóò san 400 dọ́là, òun yóò sì bá wọn kó pàǹtírí náà kúrò nílẹ̀. Ìyá ti fẹ́ gbà. A ní kí wọ́n ní sùúrù.

Nígbà tí a ṣí tapólì, BMW R25/3 la bá níbẹ̀, alùpùpù Jámánì onísìlíńdà kan. Lẹ́yìn ogun Hitler, àwọn tó ṣẹ́gun kò kọ́kọ́ jẹ́ kí Jámánì ṣe alùpùpù. Nígbà tí wọ́n gbà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju 250 cc lọ. Ní ìparí 1948 ni BMW bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe R24, 247 cc, ní Munich. R25/3 dé ní 1953, wọ́n sì ṣe é títí di 1956. 47,700 ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń rà á.

Ọmọ ìyá fẹ́ fa iná sí i lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú ẹsẹ̀. A yára dá a dúró. 6 fóltì ni iná alùpùpù yìí, 12 ni ti mọ́tò. Gílóòbù á jó, nǹkan mìíràn sì lè bá a lọ. Ẹ má sì fi agbára tẹ kíìkì rẹ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú sìlíńdà, kẹ́ ẹ rọra yí ẹ́ńjìnnì wò, torí písítìnnì tó ti jókòó pẹ́ lè ti lẹ̀ mọ́ra.

Ẹni tó mọ ọ̀kadà nílé yóò wá ṣéènì títí, kò ní rí i. Irin gbọọrọ kan tó ń yí ló ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Nítorí náà ojú mẹ́ta ni ọ́ìlì wà: ẹ́ńjìnnì, gíà, àti ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹni tó pààrọ̀ ti ẹ́ńjìnnì nìkan kò tíì ṣe nǹkan kan. Kò ní fílítà bíi ti mọ́tò, nítorí náà ẹ máa tètè pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀.

Epo ló burú jù. Ìdá kan nínú mẹ́wàá epo tí à ń rà níbí, ọtí ni. Ọtí a máa fa omi mọ́ra, omi á dípẹtà sí táńkì, ọtí fúnra rẹ̀ á sì máa jẹ rọ́bà àtijọ́. Ohun tí a dà nínú táńkì ìyá pupa bí epo pupa! Kí òtútù tó dé, ẹ fa epo inú táńkì àti kabúrétọ̀ gbẹ.

Ní ti owó, ẹ má kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ kùn, bó tilẹ̀ há, ni àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ń wá. Ẹ wo nọ́ńbà ara férémù àti ti ẹ́ńjìnnì bóyá wọ́n bára mu. Bó bá jẹ́ orúkọ olóògbé nìkan ló wà lórí ìwé, ọ́fíìsì Register of Wills ní Upper Marlboro ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Maryland ní nọ́ńbà ọkọ̀ àtijọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Àṣíborí sì di dandan.

Ní Sátidé kẹta, lẹ́yìn tí ọmọ ìyá ti fọ kabúrétọ̀ tó sì nu kọ́ńtáàtì, ó jẹ́. Ìyá gbọ́ ọ láti kíṣìnnì, wọ́n jáde tàwọn ti ọmọrogùn lọ́wọ́, wọn ò lè sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin ọjọ́sí ti tún pè. Ó ti fi 1,000 dọ́là lé e. Ìyá ní òun ò tíì mọ̀ bóyá òun máa tà á.