Àpótí Bátìrì Tí A Pín fún Yín: Ẹ Dán An Wò Lọ́sàn-án Kí Ilẹ̀ Tó Ṣú

Ẹ̀yin tí omi lé kúrò nílé, tí ẹ wà ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ní gbọ̀ngàn ìjọ tàbí lọ́dọ̀ ẹbí, a mọ̀ pé lẹ́yìn oúnjẹ àti omi mímu, ọ̀rọ̀ iná ni ẹ máa ń bi wá jù. Ní àwọn àdúgbò tó wà ní ìsàlẹ̀ Odò Ògùn, ní Ìṣẹrì, ní Àkútè àti ní Àjegúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, omi kì í tètè fà. Níwọ̀n ìgbà tí òjò bá ṣì ń rọ̀ lókè odò, tí wọ́n sì ń tú omi sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán, ó lè tó ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ilẹ̀ tó gbẹ. Kò sì bójú mu kí wọ́n dá iná padà sí àdúgbò tí omi ṣì wà nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pín àpótí bátìrì kékeré tí àwọn tó ń tà á ń pè ní power station.

Àpótí náà kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju bátìrì mọ́tò lọ, ó sì ní ọwọ́ tí a fi ń gbé e. Bátìrì àti inverter ti wà nínú rẹ̀. Ojú ihò tí a ń ki okùn fóònù bọ̀ wà lára rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì bíi ti ara ògiri náà sì wà níbẹ̀. Kì í mu epo, kì í pariwo, kì í sì tú èéfín. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló jẹ́ kí a yàn án dípò jẹnẹrétọ̀. Májèlé kan wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí. Bí ẹ bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí abẹ́ fèrèsé yàrá tí ogún ènìyàn ń sùn sí, ó lè pa wọ́n sójú oorun. Ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀, kí ó gbé e síta gbangba, kí ó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn.

Nọ́ńbà tó wà lára páálí

Ẹ ó rí nọ́ńbà ńlá kan lára páálí: 80,000 mAh. Ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín jẹ. Nọ́ńbà tó wúlò fún yín ni èyí tí wọ́n kọ kékeré, tí Wh tẹ̀lé: 296 Wh. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àpótí yìí lè gbé ohun tó ń jẹ wáàtì 296 fún wákàtí kan, tàbí ohun tó ń jẹ ìdajì ìyẹn fún wákàtí méjì. Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín lọ́jà, tí ẹ kò sì rí Wh lára rẹ̀, ẹ fi 3.7 sọ iye mAh di púpọ̀, kí ẹ wá fi 1,000 pín in. 80,000 lọ́nà 3.7 jẹ́ 296,000. Ẹ fi 1,000 pín in, ó di 296. Bí ẹ bá rí LiFePO4 lára rẹ̀, 3.2 ni kí ẹ lò dípò 3.7, kí ẹ sì mọ̀ pé irú bátìrì yẹn máa ń pẹ́ jù, ó sì máa ń fara da ooru jù. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé 80,000 yẹn á gbé fíríìjì ńlá mọ́jú, ọjà ló ń tà.

Nọ́ńbà kejì ni èyí tí W nìkan tẹ̀lé. Tiwa jẹ́ 300 W. Ìyẹn ni gbogbo ẹrù tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Áyọ̀ọ̀nù, kẹ́tù oníná àti sítóòfù oníná máa ń jẹ wáàtì 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò lè gbé wọn. Bí ẹ bá kì wọ́n bọ̀ ọ́, àpótí á kàn pa ara rẹ̀ ni.

Kì í ṣe gbogbo 296 yẹn náà ló ń dé ọwọ́ yín. Inverter tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé máa ń gba tirẹ̀ lójú ọ̀nà, bí oní-POS ṣe ń yọ tirẹ̀ kó tó ka owó fún wa. Ó máa ń tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. 240 ni kí ẹ máa fi ṣírò.

Bí ẹ ó ṣe dán an wò

A rọ̀ yín gidigidi pé kí ẹ má dúró di òru tí ọmọ bá ń ṣàìsàn kí ẹ tó mọ ohun tí àpótí yín lè ṣe. Ìdánwò náà kò ju ọ̀sán kan lọ. Ẹ fi iná kún àpótí títí yóò fi kọ 100 lójú rẹ̀. Ẹ wá gílóòbù àtijọ́, èyí oníwáyà tó máa ń gbóná, tí wọ́n kọ 60 W sí. A fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nítorí pé iye tí wọ́n kọ sí i lára gan-an ló máa ń jẹ. Ti ọ̀pọ̀ gílóòbù LED tó wà lọ́jà kì í bá ohun tí wọ́n kọ sí i mu. Ẹ tàn án láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì àpótí náà, ẹ kọ aago sílẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí àpótí yóò fi pa ara rẹ̀. Ẹ kọ aago náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

60 lọ́nà 4 jẹ́ 240. Wákàtí mẹ́rin ló yẹ kí ó lò. Bí ó bá dín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò burú. Bí kò bá pé wákàtí mẹ́ta, ẹ dá a padà fún wa. Bí ẹ kò bá rí gílóòbù àtijọ́, ẹ lo fáànù. Iye wáàtì tí fáànù ń jẹ máa hàn lójú àpótí; ẹ fi iye wákàtí tó lò sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó súnmọ́ 240.

Nígbà tí ìdánwò bá ń lọ, ẹ máa yọjú sí nọ́ńbà tó wà lójú àpótí. Láti 100 dé 50 yẹ kó gbà tó wákàtí méjì, láti 50 dé òfo náà yẹ kó gbà bẹ́ẹ̀. Àpótí kan lè lo wákàtí méjì àbọ̀ kí ó tó dé 50, kí ó sì já bọ́ láti 50 sí òfo láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Irú èyí léwu ju èyí tó kàn kéré lọ, nítorí pé ẹ ó rò pé iná ṣì wà, ẹ ó sì fi ọkàn lé e.

Ìdánwò kejì kúrú, ṣùgbọ́n òun ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Ọ̀pọ̀ àpótí máa ń pa sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn fúnra wọn bí ohun tó wà lára rẹ̀ bá kéré jù, kí iná má bàa ṣòfò. Ẹ tan gílóòbù kékeré kan ṣoṣo tó ń jẹ wáàtì 5, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì. Bí ó bá kú láìjẹ́ pé bátìrì tán, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wa fi bí a ṣe ń yí i padà hàn yín, tàbí kí ẹ máa lo gílóòbù oní-USB tó wà nínú àpò, nítorí pé kì í gba sọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá.

Ìdánwò kẹta wà fún ilé tó ní aláìsàn nìkan. Bí ọmọ yín bá ní ikọ́ fée, tó sì ń lo ẹ̀rọ tí ń sọ oògùn di ìkùukùu kí ó lè fà á símú, ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn gan-an wá, kí ẹ tan án lọ́sàn-án lára àpótí yìí. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè jẹ wáàtì 100 sí 150, ó sì máa ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ń kùn lọ́nà tí kì í kùn tẹ́lẹ̀, tàbí tó ń gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá, ẹ pa á, kí ẹ ké sí wa. Lára páálí tiwa, ẹ ó rí “pure sine wave”. Ìyẹn ni irú iná tó bá ẹ̀rọ tó ní mọ́tò mu. Àwọn olówó pọ́ọ́kú ọjà kì í sábà ní i.

Bí a ṣe ń ná iná bí owó

Ẹ máa fi 240 yẹn ṣe ìṣirò bí ìgbà tí ẹ ń ṣọ́ owó oúnjẹ. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh máa ń gba bíi 25 kó tó kún láti òfo, tí a bá ka ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà mọ́ ọn. Gílóòbù LED wáàtì 5 tí a tàn fún wákàtí méjìlá jẹ́ 60. Fáànù wáàtì 50 fún wákàtí méjì jẹ́ 100. Ìlò ẹ̀rọ ikọ́ fée kan, tó bá jẹ wáàtì 120 fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, jẹ́ 30. Ẹ ó rí i pé fáànù ló ń jẹ owó jù. Àwa kò ní kí ẹ má tan fáànù, ooru inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe eré, ẹ̀fọn náà sì ń bẹ. Ṣùgbọ́n òun ni kí ó kẹ́yìn.

Níbi tí aláìsàn bá wà, a ti ṣe é ní òfin: bí nọ́ńbà ojú àpótí bá dé 30, kí ẹ yọ gbogbo nǹkan yòókù. Ìyókù náà tó fún ìlò ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì, tí á fi gbé yín dé òwúrọ̀.

Ẹ má tan sọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lásán. Inverter nìkan, láìsí ohunkóhun lára rẹ̀, lè máa jẹ wáàtì 5 sí 10. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ láti aago mẹ́jọ alẹ́ di aago mẹ́fà òwúrọ̀, iye tó tó fóònù méjì tàbí mẹ́ta ti lọ. Ojú ihò USB ni kí ẹ máa fi ṣáájì fóònù, kí ẹ sì pa sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ní ti pípín in láàrin ara yín, ibi tó ti dára jù lára àwọn ibi tí a ń bẹ̀ wò ni ibi tí wọ́n ti ní ìwé kékeré kan, tí ìyá kan tí gbogbo yàrá fọkàn tán ń kọ orúkọ sí. Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣáájì fóònù, nígbà tí oòrùn ń dá iná padà sínú àpótí. Fóònù kọ̀ọ̀kan ń gba ìdajì, kò gbọ́dọ̀ kún, kí ogún fóònù lè rí i lò dípò mẹ́wàá. A kò pín àpótí yìí kí ẹnikẹ́ni máa fi gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹ wà, ẹ sọ fún wa. A kò ní dárúkọ ẹni tó sọ ọ́.

Oòrùn, ooru àti omi

Pánẹ́ẹ̀lì sólà tó bá a wá jẹ́ wáàtì 100, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán gangan tí ojú ọ̀run mọ́, 60 sí 75 ni ẹ máa sábà rí. Bíi wákàtí márùn-ún irú oòrùn bẹ́ẹ̀ ló máa kún àpótí náà. Lọ́jọ́ tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, ó lè wá sílẹ̀ dé 15, ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ tẹ́ pánẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ kí ó fi díẹ̀ dagun, kí omi òjò lè máa ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí òjìji bọ́ sórí rẹ̀. Aṣọ kan ṣoṣo lórí okùn sísá aṣọ lè gba ìdajì iná náà lọ́wọ́ yín.

Pánẹ́ẹ̀lì ni kó wà nínú oòrùn o, kì í ṣe àpótí. Ooru ló ń pa bátìrì. Ẹ gbé àpótí sí abẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, lórí àga tàbí tábìlì, kí omi ilẹ̀ má bàa dé ibẹ̀. Ẹ má da aṣọ bò ó nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Àpótí tí omi bá ti bò mọ́lẹ̀, ẹ má ṣáájì rẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ gbẹ, bó tilẹ̀ ṣì ń tàn. Omi tó wọ inú rẹ̀ lè mú kí ó gbiná lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí tó bá wú, tó ń rùn, tàbí tó ń gbóná nígbà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ gbé e síta, kí ó jìnnà sí ilé àti sí àwọn ọmọdé, kí ẹ sì pè wá. Bí ó bá ti ń rú èéfín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde, kí ẹ pe 112.

Nígbà tí ẹ bá padà sílé, ẹ má fi okùn so àpótí mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri kí gbogbo ilé lè ní iná. Wáyà ilé tí omi ti bò kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé títí oníṣẹ́ iná yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, okùn olórí méjì tí àwọn kan máa ń ṣe fún irú iṣẹ́ yẹn sì lè pa ẹni tó bá dì í mú. Bí iná bá ti padà, tí ẹ kò lo àpótí mọ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní ìdajì, kí ẹ máa fi iná sí i ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ní ọjọ́ ìpínfúnni tó ń bọ̀, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ aago ìdánwò sí wá. Òṣìṣẹ́ wa yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì oúnjẹ láti bá yín wò ó, àpótí mélòó kan sì wà nílẹ̀ láti fi pààrọ̀ èyí tí kò bá dé ojú ìwọ̀n. Àwọn ilé tó ní aláìsàn ni a ó kọ́kọ́ dá lóhùn.