Ta Ni Ọkọ̀ Yóò Kọ́kọ́ Gbé?

Ní etí òkun Ìlàjẹ, omi ni ọ̀nà, ọkọ̀ sì ni ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá fara pa gidigidi ní Awóyè tàbí Ayétòrò ní láti wọ ọkọ̀ kí ó tó dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Igbókọ̀dá. Bí ìjàǹbá bá wá kan ogún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọkọ̀ kò sì gbà ju mẹ́fà lọ, ta ni a ó kọ́kọ́ gbé?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlá ni a ń sọ. Ayétòrò tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, òkun ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, kànga epo Ororo bẹ́ lójú òkun ní ọ̀kánkán Awóyè, iná rẹ̀ sì jó ju ọdún mẹ́ta lọ.

Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń ké kọ́ ni ó sún mọ́ ikú jù. Ẹni tí ó dákẹ́ ni kí a bẹ̀rù fún. Nítorí èyí ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ṣe dán iṣẹ́ kan wò ní nǹkan bí ọdún 2004, tí wọ́n pè ní CodeBlue. Ẹ̀rọ kékeré kan ni a fi há ìka aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Láìlo wáyà, ó ń ròyìn ara rẹ̀ fún oníṣègùn. Ẹ̀rọ kan a máa gba iṣẹ́ fún èkejì, bí a ti ń na ẹrù láti ọwọ́ dé ọwọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi dandan kí òpó tẹlifóònù wà nítòsí.

Takuo Aoyagi ará Japan ni ó rí ọ̀nà rẹ̀ ní ọdún 1974. Ìmọ́lẹ̀ méjì ni ẹ̀rọ náà ń tàn la ìka já, ọ̀kan pupa, èkejì kò ṣe é fojú rí. Nípa wọn ni ó fi ń mọ bí ọ́síjìn, èyí tí a ń mí sínú, ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ti ẹni tí ara rẹ̀ le a máa tó 95 nínú 100. Bí ó bá wálẹ̀ ju 90 lọ, ewu dé.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ẹ̀rọ ṣe adájọ́. Èéfín iná ní olóró kan tí ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ náà a sì kà á sí ọ́síjìn. Ẹni tí ń kú lọ yóò dàbí ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ní ọdún 2020 pẹ̀lú, àwọn oníṣègùn ní Michigan fi hàn pé àìtó ọ́síjìn ń pamọ́ fún un lára ènìyàn dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti funfun. Nítorí náà, ẹni tí a bá yọ nínú èéfín, tí mímí rẹ̀ le tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, kí a gbé e, ohun yòówù tí ẹ̀rọ ìbáà wí.

Ẹ jẹ́ kí ìjọ kọ̀ọ̀kan, nígbà náà, ní ọkọ̀ tí epo wà nínú rẹ̀, atukọ̀ tí a mọ̀, àti ẹni méjì tí a kọ́ ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹ̀rọ lè ké pè wá. Kò lè tu ọkọ̀.