Alùpùpù Lórí Òkè Norway: Ọ̀nà Kan Ò Wọjà

Àwọn àgbà ní ìrìn jìnnà ni à ń rìn ká tó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Norway la fẹ́ mú yín dé lọ́tẹ̀ yìí. Ìlú náà kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin tí ẹ ń ta òkporóko, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹja náà ti ń wá. Ibẹ̀ náà sì ni àwọn oní-alùpùpù Yúróòpù máa ń wọ́ lọ nígbà ooru.

Kí ni wọ́n ń wá lọ? Òkè àti omi ni. Láyé àtijọ́, yìnyín ńláńlá ló gbẹ́ àfonífojì jíjìn sáàárín òkè níbẹ̀. Nígbà tí yìnyín yẹn yọ́, omi òkun ya wọ inú wọn. Òun ni wọ́n ń pè ní fjord. Sognefjord, tó gùn jù, ju 200 kìlómítà lọ, ibi tó jìn jù níbẹ̀ sì ju 1,300 mítà lọ. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe odò tí èèyàn ń ká aṣọ sókè kọjá!

Láti Åndalsnes ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gun Trollstigen, ìyẹn àkàsọ̀ iwin. Kọ́nà 11 ló wà lára òkè yẹn, tí ọ̀nà ń ṣẹ́ kọ́rọkọ̀rọ bí ejò. Jíà kékeré ni wọ́n fi ń gùn ún, ojú ẹni tó ń wà á kò sì gbọdọ̀ kúrò lọ́nà lọ máa wo omi tó ń já wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dandan ni akoto, iná iwájú sì gbọ́dọ̀ máa tàn lọ́sàn-án gangan. Tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ sí Valldal, ọkọ̀ ojú omi á gbé wọn láti Linge dé Eidsdal, tàwọn ti alùpùpù wọn. Wọ́n á wá gba Ọ̀nà Ẹyẹ Idì, tí òun náà ní kọ́nà 11, dé Geiranger.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gan-an nìyí. Kí ọ̀nà mọ́tò tó débẹ̀, àwọn ọlọ́jà ti ń gba orí òkè wọ̀nyí. Kí Ọba Haakon Keje tó ṣí Trollstigen lọ́dún 1936, ọ̀nà ẹsẹ̀ ni, ẹṣin ló sì ń ru ẹrù gba ibẹ̀ lọ sí ọjà Romsdal. Ní Sognefjellet, tó ga tó 1,434 mítà, bọ́tà, awọ àti ọ̀dà ni wọ́n ń gbé lọ sí Bergen létí òkun, wọ́n á sì ra iyọ̀ àti ẹja bọ̀. Kí ni ìyàtọ̀ wọn sí àwa tí à ń gbé gàrí lọ, tí à ń ra ẹja bọ̀?

Lọ́dún 2024, òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti orí òkè sójú ọ̀nà Trollstigen. Ìjọba ti ọ̀nà náà pa fún gbogbo ìyókù àkókò ìrìn àjò ọdún yẹn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ẹni tó ń tajà lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, wọn ò torí ọjà fi ẹ̀mí tọrẹ. Ẹni tó fẹ́ dé Valldal gba Sjøholt lọ, bó tilẹ̀ jìn. Ọ̀nà kan ò kúkú wọjà. Wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n sì ṣí i padà lọ́dún 2025.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọjà tó bá lọ lónìí lè padà lọ́la, ẹ̀mí tó bá lọ kì í padà. Bí ọlọ́kadà bá gbé wa tòun ti ẹrù, tó ní òun fẹ́ rọra, ẹ má ṣe jẹ́ ká pariwo mọ́ ọn pé ọjà ti ń tú. Bí wọ́n bá sì ní afárá kan ò dáa, ẹ jẹ́ ká yípo. Ọjà ò ní tú kó má tún ná.

Ẹsẹ̀ ire la ó máa fi rìn o. Àṣẹ.