Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kún Fọ́fọ́, Àmọ́ Fídíò Ò Rìn

Bó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Ẹdẹ níbí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poli ti wọlé, tí gbogbo àdúgbò ti gbé fóònù dání, fídíò á bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírípo lójú kan. Ẹ wo orí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kò yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ wa á ní, "Wọ́n ti jẹ dátà mi." Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣe lẹ wà lórí ìlà.

Ohun tí àwọn ọ̀pá kéékèèké orí fóònù ń sọ ò ju pé ẹ ń gbọ́ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa. Wọn ò sọ iye èèyàn tó ń bá òpó náà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fídíò kì í sì í wá lódindi. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan á tò sẹ́yìn ègé ẹlòmíì nínú ẹ̀rọ, á máa dúró de ààyè.

Lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìṣirò wo irú ìlà yìí ni Agner Krarup Erlang, ọmọ Denmark tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìlú Copenhagen. Ọdún 1909 ló tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá oní-POS ṣàlàyé. Ká ní ìṣẹ́jú kan ló sábà ń lò lórí oníbàárà kan, àmọ́ àwọn kan máa ń pẹ́ ju àwọn míì lọ, wọn kì í sì í dé bí aago. Bí iṣẹ́ bá gba ìdajì àkókò rẹ̀, ẹni tó bá dé á lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 kó tó kúrò níbẹ̀. Bó bá gba ìdá 90 nínú 100, ìṣẹ́jú 10. Ìdá 95 ńkọ́? Ìṣẹ́jú 20! Ṣé ẹ rí i? Iṣẹ́ fi díẹ̀ péré lé sí i, ìdúró di ìlọ́po méjì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí, mo rò pé mo ti ṣì í ṣe ni.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, ACE, MainOne àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì ò kú pátápátá ní Nàìjíríà, torí àwọn wáyà míì ò já, bí Equiano ti Google tó gúnlẹ̀ sí Èkó lọ́dún 2022. Àwọn ẹ̀rọ tó ń darí ọ̀nà yí ẹrù gba ibẹ̀. Àmọ́ ẹrù ọ̀nà mẹ́rin lórí ìwọ̀nba ọ̀nà tó kù, ìlà á gùn ni. Kódà àwọn báǹkì fara gbá a.

5G tí MTN gbé dé lọ́dún 2022 ń bọ̀ wá fi ọ̀rọ̀ míì kún un. Lórí rẹ̀, wọ́n lè pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ti ilé ìwòsàn, ti ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, ti àwa tá a ń wo eré. Ó dáa fún dókítà, mi ò jiyàn. Àmọ́ pípín ò sọ ọ̀nà di púpọ̀. Bí wọ́n bá ya apá kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó sanwó ńlá, ìdá 90 tiwa lè di 95 lọ́jọ́ kan náà láìjẹ́ pé ẹnì kankan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Ẹdẹ. Ta ló máa pinnu ẹni tó ń gba iwájú? Àwa tá a ń jí laago mẹ́rin ìdájí ká tó lè rí ìwé wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì á fẹ́ kí wọ́n bi wá.